Wọ́n Ní Kí Ọmọ Mi Kó Jáde Torí Àlejò Ń Bọ̀

Okun o, gbogbo ilé. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú èyí tẹ́ ẹ kọ sí wa lóṣù yìí. Ọ̀kan wá láti Kàbà, ọ̀kan láti Lọ́kọ́jà, ìkẹta láti ìlú kékeré kan ní Ìjùmú, ẹni tó kọ ọ́ ò fẹ́ ká dárúkọ ìlú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò mọra wọn rárá, àmọ́ ọ̀rọ̀ àlejò tó pọ̀ ju onílé lọ ni gbogbo wọn ń sọ. Mo ti ka ti ìyá tó kọ́kọ́ kọ̀wé tó ìgbà mẹ́rin, òun ni màá fi ṣáájú, ẹ má bínú bí èsì tiẹ̀ bá gùn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní Ìńgílándì, ìlú kékeré kan létí òkun ni, St Ives ló ń jẹ́, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Cornwall, iṣẹ́ kéà ló ń ṣe, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti débẹ̀, gbogbo ìgbà tí Ọdún Àjíǹde bá sì ti ń sún mọ́lé ló máa ń pè mí pé òun ń wá ilé, pé láńlọ́ọ̀dù ní kóun kó jáde. Mo bi í pé ṣé kò san rẹ́ǹtì ni, ó ní òun san. Mo bi í pé ṣé ó bá wọn jà ni, ó ní rárá, pé àwọn tó ń wá ṣe fàájì létí òkun ni wọ́n fẹ́ fún nílé, pé ohun tóun ń san lóṣù làwọn yẹn ń san lọ́sẹ̀ kan. Mi ò gbọ́ irú èyí rí láyé mi. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, pé nǹkan mìíràn ló ń fowó ṣe, torí ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sílé, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tá a yá tá a fi rán an lọ kò sì tíì tán lọ́rùn wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí ní fídíò, mo rí Ghana-must-go mẹ́ta lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọmọrogùn tí mo fún un lọ́jọ́ tó ń lọ yọrí lẹ́nu ọ̀kan. Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ṣé òótọ́ ni ohun tó ń sọ? Ṣé wọ́n lè torí ẹni tó wá wẹ̀ lódò lé ẹni tó ń sanwó ilé?
Ìyá tọ́kàn rẹ̀ ò balẹ̀, Kàbà

ÈSÌ: Màmá, òótọ́ lọmọ yín ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sí Bàbá létí, àwọn náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Àwa tí wọ́n ń kí ní Okun, òkun jìnnà sí wa, ìyẹn ló jẹ́ kọ́rọ̀ yìí ṣòroó gbà gbọ́ fún wa. Àwọn apẹja ló ni ìlú tọ́mọ yín wà yẹn tẹ́lẹ̀, ẹja kéékèèké kan tó jọ sàdíìnì ni wọ́n ń pa, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á tà á lọ sókè òkun. Ìgbà tí ojú irin débẹ̀ ní 1877 làwọn tó kàn fẹ́ wá wo omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú, ẹja ń dín kù, àlejò ń pọ̀ sí i, àwọn ayàwòrán náà wá torí wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, nígbà tó sì di 1993 wọ́n ṣí ilé àwòrán ńlá kan síbẹ̀, Tate St Ives. Àwọn tó ń gbé ìlú náà gan-an ò ju bí 11,000 lọ. Àmọ́ tó bá ti di oṣù keje sí oṣù kẹjọ, tí ilé ìwé gba họ́lídè, òpópónà tóóró táwọn apẹja ń gbé agbọ̀n gbà láyé àtijọ́ á kún dẹ́nu, ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì á tò, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á máa fi èjìká wá ọ̀nà, arúgbó tí ọmọ yín ń lọ wẹ̀ fún á sì máa retí rẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí owó ilé ibẹ̀ ṣe ń rìn. Lásìkò òtútù, kò sẹ́ni tó ń wá wẹ̀ lókun, ilé á ṣófo, láńlọ́ọ̀dù á wá wá rẹ́ńtà bí ọmọ yín láti bí oṣù kẹwàá títí di Ọdún Àjíǹde, wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un, "winter let" ni wọ́n ń pè é. Bí oòrùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn báyìí, wọ́n á ní kó jáde, kí wọ́n lè máa gba àwọn ọlọ́sẹ̀ kan-ọlọ́sẹ̀ kan tó ń sanwó gọbọi. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé, wọ́n ra ilé síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò níbẹ̀ lọ́dún, ilẹ̀kùn á wà ní títì látìgbà náà lọ. Tẹ́ ẹ bá rìn ládùúgbò àwọn apẹja àtijọ́ yẹn lálẹ́ oṣù kìíní, ilé tó ń tanná ò pọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí lẹ́nu ilẹ̀kùn ni àpótí irin kékeré tó ní nọ́ńbà lójú, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ sí kí àlejò lè wọlé láìrí onílé. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n se òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn.

Kì í sì í ṣe pé àwọn ọmọ ìlú yẹn káwọ́ lẹ́rán o. Ní oṣù karùn-ún 2016 wọ́n dìbò, ó lé ní 80 nínú 100 àwọn tó dìbò tó fọwọ́ sí i pé ilé tuntun èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ́ nínú ìlú, ẹni tó fi ṣe ibùgbé rẹ̀ gan-an nìkan ni kó máa gbé inú rẹ̀, kì í ṣe ilé kejì. Ilé iṣẹ́ akọ́lé kan gbé wọn lọ kóòtù, adájọ́ dá àwọn ará ìlú láre lọ́dún yẹn náà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ilé tuntun lòfin náà mú, ilé àtijọ́ tó wà nílẹ̀ kò kàn án, ilé àtijọ́ ló sì pọ̀ jù. Lọ́dún 2022 ìlú etí òkun mìíràn tó ń jẹ́ Whitby náà dìbò irú rẹ̀, èèyàn 2,228 ló ní bẹ́ẹ̀ ni, 157 péré ló ní rárá. Láti oṣù kẹrin 2025, káńsù Cornwall ti ń gba owó orí ilé ní ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ẹni tó ní ilé kejì síbẹ̀. Mò ń sọ èyí kí Bàbá lè mọ̀ pé ohun tí odindi ìlú ń dìbò lé lórí, tí wọ́n ń gbé lọ kóòtù, ọmọbìnrin kan ò lè jókòó hùmọ̀ rẹ̀ kó má bàa fowó ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an wá nìyí. Ní Ìńgílándì, ẹni tó bá gba ilé tuntun á kọ́kọ́ fi owó ìdógò sílẹ̀, òfin gba láńlọ́ọ̀dù láyè láti gba tó owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn á tún san ti oṣù àkọ́kọ́. Ìdógò ti ilé tó ń kúrò níbẹ̀ lè má tíì padà sọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bèèrè ti tuntun. Màmá, ẹ ka oṣù mẹ́rin yẹn padà sẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá kò bọ́ sí àsìkò tó ń kó jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ibẹ̀ lowó náà wà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un: kó mú ìwé àdéhùn ilé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Citizens Advice, ẹgbẹ́ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, kí wọ́n bá a kà á kó tó kó ẹrù kankan jáde. Òfin tuntun kan tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹwàá 2025 sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2026, láńlọ́ọ̀dù ò lè lé rẹ́ńtà láìsọ ìdí mọ́, àfi tó bá ní ìdí kan nínú èyí tí òfin kà sílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo "jáde" tí wọ́n bá sọ fún un ló gbọ́dọ̀ máa jáde sí. Kó wo físà rẹ̀ náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ físà kéà ló ní in nínú pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba, ìyẹn lè jẹ́ kí káńsù má lè fún un nílé, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó má gba ìmọ̀ràn. Kó bi ibi iṣẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ní ilé fún òṣìṣẹ́. Tó bá sì le jù, kó wo Hayle tó wà ní òdìkejì omi, tàbí Camborne àti Redruth tó wọnú díẹ̀, àlejò ò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti St Ives, bọ́ọ̀sì àti réluwéè sì wà.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ má bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ bi í pé níbo ló sùn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, mo rí i lórí fóònù bí àwọn ará Barcelona ṣe ń fi ìbọn omi yin àwọn túríìsì lójú níbi tí wọ́n ti jókòó ń jẹun, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Owó ló wá bá yín nílé, ẹ̀ ń fi omi lé e! Àwa níbí ń wá ẹni tó máa wá, òkè Pátì wà níbí, ìpàdé odò Ọya àti Bẹ́núé wà níbí, ọjọ́ mìíràn wà tí èmi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi tá a fẹ́ máa mú àlejò gun òkè ò ní rí ẹyọ ẹnì kan. Kí ló ń ṣe àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn?
Ọmọ Òwòrò, Lọ́kọ́jà

ÈSÌ: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o bèèrè, torí ọ̀pọ̀ ló rò ó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sọ. Oṣù keje 2024 lohun tó o rí yẹn ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń fi omi yin èèyàn yẹn, owó túríìsì kì í dé ọwọ́ rẹ̀. Onílé rẹ̀ ló ń dé sí, ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ló ń dé sí, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ni ariwo lóru àti rẹ́ǹtì tó ń gòkè. Olórí ìlú náà fúnra rẹ̀ ló sọ lọ́dún yẹn pé rẹ́ǹtì ti fi 68 nínú 100 lé sí i láàárín ọdún mẹ́wàá, ó sì ní nígbà tó bá fi máa di oṣù kọkànlá 2028, àwọn ilé 10,101 tó ní ìwé àṣẹ láti máa gba túríìsì, ìwé náà á ti kú, kí ilé wọ̀nyẹn lè padà sọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ìlú. Ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn. O ò sì ní láti lọ jìnnà, bi ẹnikẹ́ni tó ń wá ilé sí Lẹ́kí lóṣù Disẹ́ńbà, ibi tí láńlọ́ọ̀dù ti sọ fúláàtì di ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì torí àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bọ̀ wá ṣọdún.

Àmọ́ o jàre níbì kan. Ebi iṣẹ́ ń pa àwọn ọ̀dọ́ Lọ́kọ́jà, mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o má wá àlejò. Máa mú wọn gòkè, fi ilé Lugard hàn wọ́n, sọ ìtàn Flora Shaw fún wọn, pé ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1897 ló kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé ìròyìn The Times. Ohun tí mo kàn fẹ́ kó o máa wò látìsinsìnyí ni ẹni tó ń ra ilẹ̀ etí odò àti ti ẹsẹ̀ òkè. Tó bá jẹ́ ọmọ Òwòrò àtàwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ ló ṣì ni ín nígbà tí àlejò bá pọ̀, ẹ máa jẹ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tà á tán, ìwọ náà á ra ìbọn omi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀ o. Gbogbo oṣù kẹfà la máa ń jẹ iṣu tuntun nílùú wa, láyé bàbá mi ọdún ìdílé ni, gbogbo wa la mọra wa. Ní báyìí, Àbújá ń bọ̀, Èkó ń bọ̀, àwọn tí ò tiẹ̀ mọ ẹnikẹ́ni nílùú ń bọ̀ torí wọ́n rí i lórí Facebook. Mọ́tò á dí ojú ọ̀nà dé ibi pé wọn ò lè gbé aláboyún kọjá, wọ́n á tọ̀ sẹ́yìnkùlé níbi tá a sin bàbá mi sí, iṣu á wọ́n ju ti Kàbà lọ. Èyí tó dùn mí jù lọ́dún tó kọjá, ìyá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ pọnmi ní bọ́họ̀ọ̀lù kan ṣoṣo tá a ní, ó bá àwọn dírẹ́bà mẹ́fà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi omi náà fọ jíìpù ọ̀gá wọn. Ìgbà tó máa fi kàn án, tánkì ti gbẹ. Ó gbé garawa òfìfo padà wálé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan lára wa ní ká fagi lé ọdún yìí tàbí ká fi í pa mọ́ láàárín ara wa. Kí lẹ rí sí i?
Ọmọ onílẹ̀, Ìjùmú

ÈSÌ: Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ garawa yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ bá mi kí Màmá.

Ẹ má fagi lé e. Ògìdì wà nítòsí yín, àwọn náà ń jẹ iṣu tuntun tiwọn lóṣù kẹfà, ọmọ ibẹ̀ ni Nike Okundaye tó kọ́ ibi iṣẹ́ ọnà sílé, àlejò ń wá wo aṣọ àti àwòrán, àwọn èèyàn ń rí nǹkan tà. Kò sí bá a ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn Ìjùmú pa. Ṣùgbọ́n lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ ni à ń san án, ìlú yín ló sì ń san án. Kí ìlú ṣòfin, kí àlejò sì máa dá nínú ohun tó ń jẹ.

Àwọn kan ti gbìyànjú ẹ̀. Venice ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í gba 5 yúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ̀lú láàárọ̀ tí kò ní sùn níbẹ̀, ọjọ́ 29 ni wọ́n fi gbà á lọ́dún 2024, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ 54, ẹni tí kò bá tètè sanwó sílẹ̀ kó tó dé á san 10. Wọ́n rówó, àmọ́ èrò ò dín kù tó bí wọ́n ṣe fẹ́, torí 5 yúrò ò lé ẹni tó ti wọ bàlúù wá padà. Èyí tó tún jọ tiyín ni Boracay, erékùṣù kékeré kan ní Filipínì, iyanrìn rẹ̀ funfun báláú, àlejò pọ̀ débi pé ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí hòtẹ́ẹ̀lì ń ṣàn wọnú òkun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá. Ní oṣù kẹrin 2018 ìjọba tì í pa fún odindi oṣù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní iye àlejò tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ò gbọdọ̀ ju 19,215 lọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà yẹn, àwọn aláṣè àti ọlọ́kọ̀ ojú omi tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ò rí nǹkan jẹ, ohun tí ìlú bá fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn ló máa ń di ìjìyà mẹ̀kúnnù. Torí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni màá kọ́kọ́ mú. Ẹ fi pápá ilé ìwé pámárì ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí mọ́tò àlejò kankan má kọjá ibẹ̀, kí àwọn ọlọ́kadà ìlú máa gbé wọn wọlé, owó ọ̀kadà á sì wà nílùú. Kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan san nǹkan kan lẹ́nu pápá, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sórí pátákó gàdàgbà kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn ọmọ gareeji ni yín. Owó yẹn ni kẹ́ ẹ fi ra táńkà omi méjì tí àlejò máa lò, kẹ́ ẹ sì fi gbẹ́ ṣáláńgá mẹ́rin sí òpin pápá, ó kéré tán, kí wọ́n má tọ̀ sórí sàréè mọ́. Ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin ìlú kọ́kọ́ gba ààyè ìtajà tán kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni tó wá láti ìta, mo ti rí ibi tí ẹni tó ti Àbújá gbé kúlà wá ti ta ohun gbogbo tán tí ìyá tó gúnyán láti òru jókòó ti ìkòkò rẹ̀. Ohun tí wọn ò gbọdọ̀ yà ní fọ́tò, àwọn àgbà ni kó sọ ọ́ ní gbangba láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ẹ má retí pé àlejò á mọ̀ ọ́n.

Ti bọ́họ̀ọ̀lù yẹn, kí ẹ ra àgádágodo. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ọdún títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò, kì í ṣe lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó máa ń ṣojú ọlọ́jíìpù, kí àwọn arúgbó sì kọ́kọ́ pọn tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ gbé e dé ìpàdé ìlú nísinsìnyí tí wọn ò tíì tẹ káàdì ìpè, tí ìyá yín bá sì lágbára láti wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé garawa yẹn dání wọ ìpàdé.